Oríkì Bàbá Mi Lórí Sàréè Irọ́

Ọjọ́ Ajé, 17 Okúdù 2019. Clarens

Mo dé lónìí. Yàrá tí wọ́n fún mi ní ibi ìyáná, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí òkè. Láti kékeré ni mo ti mọ òkè yìí, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí nígbà náà, torí pé òdìkejì ni Tseki, ìlú wa, wà. Takisí wákàtí kan péré ni láti ibí dé ilé wa. Nínú fíìmù yìí, òkè wa ti di òkè orílẹ̀-èdè kan tí kò sí láyé. Mo ti ka orúkọ orílẹ̀-èdè náà nínú ìwé eré lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ahọ́n mi ò tíì gbà á.

Adájọ́ àgbà tó dájọ́ ikú fún àbúrò ara rẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe. Ó lórúkọ. Ó nílé, ó láya, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kún ojú ìwé tó lé ní ogójì, ó sì tún wà láàyè nígbà tí fíìmù bá parí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́. Mo ti jẹ́ ọ̀gágun lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo ti jẹ́ mínísítà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà oníjìbìtì lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò tẹ Nàìjíríà rí. Mo ti kú lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún. Àbúrò mi Disebo ló ń kà á. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ rí i tí wọ́n yìnbọn lù mí nínú tẹlifíṣọ̀n, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní fóònù, ó pè mí ní Johannesburg, ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni. Kò wo fíìmù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Tí èyí ò bá sọ mí di ẹni táyé mọ̀, n kò rò pé òmíràn máa wá.

Ọjọ́rú, 19 Okúdù

Wọ́n mú obìnrin kan wá láti London pé kó wá kọ́ mi bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní kí n fa ohùn mi wá sí ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Mo fà á wá síbẹ̀. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, báyìí ló ṣe máa ń rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Okúdù

Disebo pè láti Tseki.

"Abuti, wọ́n ti mú ọjọ́ òkúta sàréè Bàbá o. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Oníṣẹ́ òkúta ní òun á ti gbé e dúró ní Ọjọ́bọ̀, àwa á wá fi aṣọ bò ó. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ki Bàbá."

"Mo mọ̀, Disebo."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Rakgadi ló jókòó tì mí níbí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé fóònù sílẹ̀ àfi tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ ń bọ̀."

"Mò ń bọ̀."

Mo gbọ́ tó sọ fún Rakgadi pé mo ní mò ń bọ̀, mo sì gbọ́ tí Rakgadi ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn náà." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóbìnrin ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Nínú ilé Lephoto, ilé wa, tó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ní ilé wa, láti ọjọ́ tí a bá ti sin èèyàn, ẹnikẹ́ni kì í pe oríkì rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ òkúta. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń ṣí òkúta náà, òun ló sì ń pe oríkì. Ó ti di ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin báyìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì pe Bàbá lọ́mọ kìnnìún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín, aginjù Morocco ni mo wà, mò ń ṣe ọ̀gágun. Ilé-iṣẹ́ fíìmù ò yọ̀ǹda mi. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ nìyẹn.

Mo ti yẹ ìwé iṣẹ́ wò. Ìran tó gbẹ̀yìn, tí mo máa ṣe pẹ̀lú Philippa, òṣèré ará England tó ń ṣe agbẹjọ́rò, bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó ń bọ̀. Ní Àbámẹ́ta yẹn, mo lómìnira. Inú mi dùn débi tí mo fi jó díẹ̀ nínú yàrá, orókún mi sì rán mi létí ọjọ́ orí mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Okúdù

Òtútù burúkú. Omi dì nínú páìpù. Mo ra magwenya mẹ́ta, ìyẹ̀fun díndín bíi pọfupọ́fù, àti tíì gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in ní gáréèjì takisí. Ó wò mí títí.

"Ntate, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n pa sínú ọkọ̀ ojú omi yẹn?"

Mo ní èmi ni.

"Háà, Ntate. Ẹ mọ̀ ọ́n kú o."

Ó fi ẹyọ kan lé e fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Agẹmọ

Ìran kóòtù la ṣe. Mo dájọ́ ikú fún àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Marguerite, olùdarí wa, ọmọ Belgium ni, kì í pariwo. Tí nǹkan bá wù ú, ńṣe ló máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Lónìí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Kogie Pillay, ọmọ Durban tó ń ṣètò iṣẹ́ ojoojúmọ́, sáré kọjá lára mi, ó ní, "Ntate Seabata, ẹ ti dẹ́rù bà mí. N kò ní rú òfin kankan mọ́ láyé mi."

Ọjọ́bọ̀, 11 Agẹmọ

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Wọ́n ti gbẹ́ sàréè kan sí oko òyìnbó lójú ọ̀nà, wọ́n fi fóòmù ṣe òkúta, wọ́n kùn ún títí tó fi jọ òkúta gidi, wọ́n sì kọ orúkọ àbúrò adájọ́ sí i. Nínú ìwé eré, adájọ́ kàn dúró níbẹ̀ ni, kò sọ̀rọ̀. Àmọ́ Marguerite wá bá mi, ó ní, "Seabata, sọ nǹkan kan. Sọ ọ́ ní èdè rẹ. Ohunkóhun tó bá wá sí ọ lọ́kàn. A ó wá ìtumọ̀ rẹ̀ tó bá yá."

Nígbà àkọ́kọ́, nǹkan kan ò wá, ni mo bá fi ohùn ọ̀fọ̀ ka gbogbo ibi tí takisí máa ń dúró sí láti Phuthaditjhaba dé Harrismith. Àwọn òyìnbó mi orí wọn tìyanutìyanu. Ọmọ Sotho bíi tèmi méjì ló wà lára àwọn tó ń gbé iná. Ọ̀kan ní láti lọ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín tán.

Marguerite ní ká tún un ṣe. Ìkúùkù ti bo orí òkè nígbà náà, afẹ́fẹ́ sì dákẹ́. Mo wo òkúta fóòmù yẹn, mo la ẹnu, oríkì Bàbá ló sì jáde. Kìnnìún ọmọ kìnnìún. Ọmọ ẹni tó sùn sórí òkè tí ìlú fi sùn gbádùn. Mo pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo ìlà kan ṣoṣo, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní "káàtì," gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Marguerite ń sunkún. Àwọn ọmọ Sotho méjèèjì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Agẹmọ

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo pe Disebo.

"Mo ti ki Bàbá."

"Ẹ ti ki Bàbá níbo?"

"Lórí sàréè tí wọ́n fi ṣe fíìmù."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Sàréè ta ni?"

"Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe òkúta rẹ̀."

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Ṣé ẹ ki oríkì náà tán ni?"

"Mo ki gbogbo rẹ̀ tán."

"Yéè. Abuti, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin ni nígbà gbogbo?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní òun gbọ́dọ̀ sọ fún Rakgadi.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Agẹmọ

Rakgadi kì í pe èèyàn lórí fóònù. Lónìí, ó pè mí.

"Seabata."

"Rakgadi."

"Wọ́n ní o pe àbúrò mi."

"Mo pè é, Rakgadi. Mo ti ṣe àṣìṣe. Mo máa sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fíìmù náà."

"Kí ni kí n fi fíìmù ṣe? Àwòrán lásán ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni mò ń sọ. Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti ń retí ohùn rẹ. O pè é, ó dìde, ó lọ síbi tó o wà. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé eré lò ń ṣe? Tí a bá ṣí òkúta rẹ̀ ní Tseki, òkúta nìkan la máa bá níbẹ̀."

Mo bi í pé kí la máa ṣe báyìí.

"A máa wá mú un wálé kí ọjọ́ òkúta tó pé. Disebo ti ránṣẹ́ lọ mú ẹ̀ka igi mokgalo tí o máa fi mú un bọ̀. Níbo ni oko yẹn wà?"

Mo sọ ọ́ fún un.

"Kò jìnnà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe Morocco."

Kò ní ohun kankan lọ́kàn tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 18 Agẹmọ

Yìnyín lánàá, yìnyín lónìí. Wọ́n ti ọ̀nà orí òkè. Kò síṣẹ́. Kogie ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé ìṣètò rẹ̀, ó ń pa ìlà rẹ́, ó ń kọ òmíràn. Ó ti gbà kí a wọ oko náà ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ abọ́ bàbá òun fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tó kú.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Agẹmọ. Tseki

Aago mẹ́wàá ni wọ́n dé oko náà, Rakgadi pẹ̀lú kúbùsù rẹ̀ tó fi pín-ìn-nì dè láyà, Disebo pẹ̀lú ẹ̀ka mokgalo nínú aṣọ funfun. Ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀ka náà ti wá, torí pé igi náà kì í hù nínú òtútù ibí. Kogie ló ṣí géètì. Marguerite náà wá, ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ tí kò bá ní bí wa nínú.

Rakgadi lọ tààrà síbi òkúta náà, ó fi ìka kàn án.

"Kí nìyí? Kò dún bí òkúta."

"Fóòmù ni, Gogo," ni Kogie wí.

"Ọmọdé lè gbé e lórí! Ta lorúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ yìí?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Rakgadi," ni mo wí.

"Wọ́n kọ ọ́ pé 1974 ló kú. Kò sí i láyé, ó sì kú?" Ó rẹ́rìn-ín títí Disebo fi dì í mú. "Àbúrò mi á ti wà níbí láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, á máa wo nǹkan yìí, á máa sọ pé, irú ilé wo ni ọmọ mi pè mí wá yìí?"

Lẹ́yìn náà, ó dẹ́kun ẹ̀rín, ó sì gbé ẹ̀ka náà fún mi. Láti ìgbà tí mo bá ti gbà á, n kò gbọdọ̀ bá alààyè kankan sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ojú sàréè ní Tseki. Bàbá nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀, kí n máa júwe ọ̀nà fún un kó má bàa ṣìnà. Mo fi ẹ̀ka náà kan ilẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi Seabata ni. Ibí kọ́ ni ilé. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo gbójú sókè, mo rí i tí Marguerite ti yọ fóònù rẹ̀ tó sì kọjú rẹ̀ sí wa. Rakgadi náà rí i.

"Disebo, sọ fún obìnrin yìí pé òun ti ní tiẹ̀. Tèmi nìyí."

Disebo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Marguerite fi fóònù sápò kíákíá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó tọrọ àforíjì. Ìgbà náà ni Kogie sún mọ́ mi, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ wò mí lójú.

"Ntate Seabata, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ kà á lórí ìwé. Yìnyín ti gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ìran yín tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú Philippa ti bọ́ sí Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú ló ń wọ bàálù lọ sí Canada fún iṣẹ́ mìíràn, kò sí ọjọ́ mìíràn tí a lè fi sí. Ẹ máa wà níbẹ̀, àbí?"

Gbogbo wọn ń wò mí, mo sì di ẹ̀ka mú.

"Kò lè dá ẹ lóhùn," ni Rakgadi wí. "Bàbá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀."

A rìn dé títì. Takisí tó dúró fún wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Rakgadi san owó ẹni mẹ́rin. Awakọ̀ ní ẹni mẹ́ta ni òun rí. Rakgadi ní mẹ́rin ni wá. Awakọ̀ wá rí ẹ̀ka lọ́wọ́ mi, ó ṣí fìlà, ó pa rédíò. Ó bi Rakgadi pé, "Ṣé afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé ò ní máa fẹ́ Ntate jù?" Wọ́n ti fèrèsé náà. Obìnrin kan tó gbé ìyẹ̀fun lé ẹsẹ̀ fún ara rẹ̀ mọ́ ẹni mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn kó má bàa jókòó sórí àga Bàbá.

Mo ń júwe ọ̀nà. Bàbá, a ti kúrò ní Clarens. Bàbá, àwọn àpáta pupa nìyí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú mi wá síbí, orí kẹ̀kẹ́ yín ni mo jókòó sí. Bàbá, yìnyín ṣì wà ní apá ọ̀tún. Ohùn mi nìkan ló ń dún nínú ọkọ̀ náà. Kò sí kámẹ́rà, kò sí ẹni tó fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, n kò sì lè dákẹ́, torí pé tí mo bá dákẹ́ ó lè ṣìnà. Bí ọ̀nà ṣe ń tán lọ, ohun tí mo ní láti sọ náà ń tán. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù.

Mo ní, "Bàbá, ní Morocco, wọn ò dá mi dúró. N kò bi wọ́n. N kò sọ fún ẹnì kankan níbẹ̀ pé ẹ ti kú. Ìlà mẹ́fà ni mo ní láti sọ nínú fíìmù yẹn, mo rò pé tí mo bá lọ, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin yín, mo wọ aṣọ ọ̀gágun. Mo jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Mo tún bu ìkejì."

Gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Disebo yíjú sí fèrèsé. Rakgadi di ojú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó ń sùn. Mo ní, "Bàbá, a ti dé afárá."

Ní Tseki, mo gbé ẹ̀ka náà lé sàréè lórí. Disebo ti wọlé lọ láìwò mí. Rakgadi dúró tì mí, ó fa kúbùsù rẹ̀ mọ́ra.

"Ó ti dé," ló wí. "Ohun tó o sọ nínú ọkọ̀, òun lo bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi. N kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo kàn máa wo Àbámẹ́ta ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Agẹmọ

Disebo ò gbé fóònù. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Wọ́n ti ra màlúù. Rakgadi ló ránṣẹ́ sọ fún mi, ẹgbàá méje ràǹdì lé díẹ̀. Ó ní ó sanra.

Ọjọ́rú, 24 Agẹmọ

Mo lọ bá Marguerite nínú ọkọ̀ tó ń gbé inú rẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ gbígbóná fún mi. Mo ní kó fún mi ní Àbámẹ́ta.

"N kò ní in láti fún ọ," ló wí. "Philippa ń lọ ní Àìkú. Mo lè gbìyànjú ọ̀sán Ẹtì, tí ojú ọjọ́ bá gbà. Tí kò bá gbà, Seabata, ìran yẹn gbọ́dọ̀ wáyé ní Àbámẹ́ta, yálà o wà níbẹ̀ tàbí o kò sí. Màá gbé ọ̀rọ̀ rẹ fún akọ̀wé kóòtù. Adájọ́ ò ní sí nínú òpin fíìmù."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìran yẹn ni adájọ́ ti tọrọ àforíjì. Láìsí i, ìkà èèyàn kan tó dájọ́ ikú tó sì pòórá ni, bíi gbogbo àwọn ọ̀gágun mi.

"Ẹ kò lè bá mi bẹ Philippa?"

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Òun náà ti fọwọ́ síwèé níbòmíràn." Ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, kí ni àwọn tó ò ń bá ṣe fíìmù nígbà náà ṣe fún ọ?"

Mo ní, "Wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọn ò mọ̀." Ìgbà kejì nìyẹn tí mo sọ òtítọ́ yìí, kò sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Agẹmọ

Aṣojú mi pè láti Johannesburg. Ó ní, "Seabata, òkúta ò ní sá lọ. Ẹ lọ ṣí i ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Òótọ́ ni pé òkúta ò ní sá lọ. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Mo kọ ọ́ síbí torí pé mo ti purọ́ tó.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Agẹmọ

Oòrùn yọ láàárọ̀. Mo rò pé Bàbá ti bá mi bẹ ojú ọjọ́. A bẹ̀rẹ̀ aago kan. Mo ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi, ó sì ń lọ dáadáa, Marguerite ti gbé ọwọ́ sẹ́nu, ni afẹ́fẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ya aṣọ funfun ńlá tí wọ́n fi ń darí ìmọ́lẹ̀, ó gbé àga, ó gbé fìlà Philippa lọ sínú koríko. A dúró títí di aago mẹ́rin. Kò rọlẹ̀.

Kogie wá bá mi níbi tí mo ti ń bọ́ aṣọ adájọ́. "Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, Ntate."

"Tseki ni màá wà ní aago mẹ́fà, Kogie."

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó rọra fi kọ́ sórí ìkọ́, ó sì nu ọrùn aṣọ náà mọ́.

"Ó dára," ló wí. "Màá sọ fún Marguerite. Ẹ bá mi kí Gogo."

Nígbà tí mo jókòó sínú takisí tó ń lọ sí Phuthaditjhaba lẹ́bàá Tseki, kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀. Ó ń dùn mí, ó dùn mí gan-an. Irú iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi sẹ́yìn yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Agẹmọ. Tseki

Àná ni.

Wọ́n ti pa màlúù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrì dì sórí koríko, ẹsẹ̀ gbogbo wa ń dún bí a ṣe ń gun òkè lọ sí itẹ́ òkú. Èèyàn bí ọgọ́ta, àwọn ọkùnrin nínú kúbùsù, àwọn obìnrin ń kọrin. Disebo wà láàárín wọn, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n tì mí síwájú. Mo fa aṣọ kúrò lójú òkúta, mo sì rí orúkọ Bàbá. Òkúta gidi ni. Òtútù rẹ̀ gba inú ọwọ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀. Kìnnìún ọmọ kìnnìún. Ìlà kejì wá, ìlà kẹta ò wá. Mo wá a, n kò rí i. Ikun ń dà ní imú mi, n kò sì lè rántí oríkì tí mo pè láìfo ìlà kan níwájú kámẹ́rà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo wo Rakgadi pé kó bá mi mú un. Ó mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́ mi. Kò la ẹnu. Gbogbo èèyàn dúró. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ìyá rẹ̀ gbé e sí ọyàn.

Mo bá ní, "Bàbá, mo ti pẹ́ kí n tó dé." Ìlà kẹrin ló wá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìlà kẹta, mo sì ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀, lódìkódì, pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni ò ní san owó láti gbọ́. Mo parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo yíjú padà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọ́ ọrùn mi láti máa yí bẹ́ẹ̀, kí n wo ẹni tó máa sọ bóyá ó dára tàbí ká tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin ti ń dé fìlà wọn. Rakgadi ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó di apá ẹnì kan mú. Disebo gbé abọ́ omi wá pé kí n fọwọ́.

"Abuti," ló wí, "ẹ ti ki Bàbá. Ẹ wá jẹun."